Ultimate Vocal Remover lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olórin ijó tó ń gòkè bọ̀: ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ àpá rẹ̀

Ohùn olórin ni ọ̀pọ̀ remix, ìyẹn orin tí wọ́n tún ṣe ní ọ̀nà míì, dúró lé. Bí ẹgbẹ́ olórin ijó orí kọ̀ǹpútà bá ti lórúkọ, tí iléeṣẹ́ orin sì pè wọ́n pé kí wọ́n wá tún orin ẹnì kan ṣe, wọ́n á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, béèsì lọ́tọ̀, kálukú nínú fáìlì tirẹ̀. Stem ni wọ́n ń pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ kì í sábà rí stem gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orin tí gbogbo ayé ń gbọ́ náà ló wà lọ́wọ́ tiwọn, ohùn àti ìlù ti wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ yọ ohùn jáde kí wọ́n lè fi ìlù tiwọn sí i nídìí. Irinṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń lò fún iṣẹ́ yìí ni Ultimate Vocal Remover, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní UVR. Ẹ̀dà 5.6 rẹ̀ la gbé yẹ̀ wò níbí, ojú ẹni tó fẹ́ kí DJ gbé remix òun síta láàárín èrò la sì fi wò ó.

Ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ náà dára, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn tó yọ tí kò ní àpá lára, àpá náà kì í sì í tán pátápátá, ohun yòówù kí ẹ fi pa á. Ẹgbẹ́ tí remix wọn ń dùn létí ni èyí tó ti fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí àpá wà, tó wá to ìlù, béèsì àti ìdákẹ́jẹ́ yí i ká.

Ohun tó wà nínú àpótí náà

UVR fúnra rẹ̀ dà bí àpótí irinṣẹ́. Àwọn model inú rẹ̀ ló ń ya ohùn, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi orin rẹpẹtẹ kọ́ títí wọ́n fi lè dá ohùn mọ̀ yàtọ̀ sí ìlù. Ìdílé mẹ́ta ni wọ́n: VR Architecture, MDX-Net àti Demucs. Ìwé àṣẹ MIT ni wọ́n fi gbé UVR síta, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux.

Ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí Meta ni Demucs ti wá, Alexandre Défossez ló sì ṣáájú wọn. Ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin, htdemucs, tó jáde ní 2022, ń pín orin sí mẹ́rin: ohùn, ìlù, béèsì, àti gbogbo ìyókù. Wọ́n dán an wò lórí MUSDB, àkójọ orin 150 tí wọ́n ti ya 100 sọ́tọ̀ fún kíkọ́ model, 50 fún ìdánwò, ó sì gba 9.0 dB. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ohun àjèjì inú stem ṣe kéré tó. Ẹ rántí pé ìpíndọ́gba ni, àti pé orin pop àti rock ló pọ̀ jù nínú àkójọ náà. Orin tí ìlù rẹ̀ jẹ́ kick (ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀), snare (ìlù tó ń dún ṣàá) àti hi-hat (páànù kékeré méjì tó ń dún tís) máa ń yà dáadáa. Èyí tí ìlù rẹ̀ bá ń gbé ohùn sókè sódò bí ẹni ń sọ̀rọ̀, tàbí tí fèrè, gòjé tàbí saxophone bá ń bá olórin kọ ọ́ pọ̀, model á máa ṣì wọ́n mú fún ohùn ènìyàn. Ohun tí wọn kò fi kọ́ ọ, kò lè dá a mọ̀.

Ní ti agbára kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò ní GPU (ẹ̀rọ ìṣirò tó wà fún àwòrán) náà lè ṣiṣẹ́. Lórí CPU lásán, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, htdemucs máa ń gba nǹkan bí ìlọ́po 1.5 gígùn orin, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 6 fún orin oníṣẹ́jú 4. Htdemucs_ft, tí wọ́n tún kọ́ síwájú sí i fún stem kọ̀ọ̀kan, ń gba ìlọ́po 4 àkókò yẹn, nítorí náà orin kan náà á di bí ìṣẹ́jú 24. Àwọn tó ṣe UVR sọ pé GTX 1060 tó ní mẹ́mórì 6 GB ni GPU Nvidia tó kéré jù tí ẹ lè lò, pé 8 GB ló tẹ́rùn. Bí iṣẹ́ bá ń dá dúró lágbedeméjì tó ń sọ pé mẹ́mórì ti tán, ẹ dín Segment Size (ìwọ̀n ègé orin tí model ń gbà lẹ́ẹ̀kan) kù. Model tí wọ́n ń pè ní htdemucs_6s ń fi gìtá àti píánò kún mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn ti sọ ọ́ síta pé ti píánò kò dára tó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Fún ohùn tí ẹ fẹ́ gbé sórí remix, ẹ ti ìdílé MDX-Net bẹ̀rẹ̀: Kim Vocal 2, tàbí MDX23C-InstVoc HQ. Bó bá jẹ́ ìlù tàbí béèsì lẹ ń wá, htdemucs_ft ni kí ẹ gbé e fún. Kì í ṣe gbogbo model ló bá UVR wá látilẹ̀. Ẹ tẹ àwòrán irinṣẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì Start Processing, ẹ lọ sí Download Center, kí ẹ dáńlóòdù èyí tó kù. Ẹ má fi odindi orin dán model wò. Sample Mode wà níbẹ̀ tó ń gé ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, àmọ́ ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ gé ibi tó le jù nínú orin fúnra yín, ìyẹn kọ́rọ́ọ̀sì ìkẹyìn níbi tí gbogbo nǹkan ti ń dún lẹ́ẹ̀kan náà. Model tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ lórí ìyókù.

Ensemble Mode ń jẹ́ kí model méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ kan náà, kó sì pa èsì wọn pọ̀. Ọ̀nà tí ó fi ń pa á pọ̀ ló ṣe pàtàkì. Max Spec ń mú èyí tó lágbára jù níbi kọ̀ọ̀kan, ohùn á kún dáadáa, ṣùgbọ́n ìlù tó jò wọlé á pọ̀ sí i. Min Spec ń mú èyí tó kéré jù, ohùn á mọ́, á wá máa dún bí ohùn ẹni tó wà lábẹ́ omi. Average wà láàárín. Fún remix tó ní ìlù lábẹ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Max Spec ni a fara mọ́, torí pé ìlù tuntun á bo èyí tó jò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè dá ohùn tó ti rù padà sípò. Àwọn kan máa ń kó model mẹ́fà jọ, wọ́n á sì gbé Overlap (bí àwọn ègé orin ṣe ń bo ara wọn tó) dé òkè pátápátá. Àṣejù ni. Lẹ́yìn model mẹ́ta, àkókò ló ń lọ, etí kì í gbọ́ ìyàtọ̀ mọ́.

Fáìlì tí ẹ ń gbé fún un

Iṣẹ́ púpọ̀ ti bàjẹ́ kí model tó fọwọ́ kàn án, fáìlì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló fà á. MP3 oní-128 kbps sábà máa ń gé ohun gbogbo tó bá kọjá nǹkan bí 16 kHz sọnù. Èyí hàn sí gbogbo ènìyàn. Èyí tí kò hàn ló burú jù: MP3 ń ju ohun tí etí kò lè gbọ́ nù, torí pé nǹkan tó lágbára jù ú ń dún lórí rẹ̀ lákòókò kan náà. Ìdí ohùn tó wà lábẹ́ snare, ìmí olórin tó wà lábẹ́ hi-hat, ó ti gbé gbogbo wọn dànù. Nígbà tí ìlù ṣì wà lókè, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹ bá wá ká ìlù kúrò, ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí wọ́n yọ lára fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dún bíi ti ẹni tó ń kọrin láti inú agolo. WAV tàbí FLAC ni kí ẹ wá, láti ibi tí wọ́n ti ń ta orin ní odindi.

Nínú ètò UVR, ẹ yí Wav Type kúrò ní PCM_16 sí PCM_24 tàbí 32-bit Float, torí pé ẹ ṣì máa fi ohùn náà gba ọwọ́ oríṣiríṣi. Ẹni tó bá ń lo Demucs láìsí UVR ní láti mọ ohun kan sí i: bí stem kan bá fẹ́ kọjá ààlà, Demucs á rọra dín ohùn stem yẹn nìkan kù, ìwọ̀n tó wà láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì yí padà láìsọ fún yín. Ẹ dín orin náà kù ní 3 dB kí ẹ tó fún un, ọ̀rọ̀ náà á tán.

Bí olórin bá ti gbé ẹ̀dà tí kò ní ohùn jáde, ọgbọ́n àtijọ́ kan ṣì wà. Ẹ gbé odindi orin àti ẹ̀dà aláìlóhùn sórí ara wọn, ẹ yí polarity ọ̀kan padà (kí ibi tí ìgbì rẹ̀ ti gòkè di ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀), ohun tó bá jọra nínú méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, ohùn nìkan á ṣẹ́ kù. Ó ń béèrè pé kí fáìlì méjèèjì bára mu dé orí sample (ègé ohùn tó kéré jù nínú fáìlì) kan ṣoṣo. MP3 tí wọ́n tú sílẹ̀ sábà máa ń pẹ́ ju WAV rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi sample 1105, ìyẹn bíi 25 ms ní 44.1 kHz, nítorí náà ẹ má fi irú fáìlì méjì tó yàtọ̀ ṣe é. Align Inputs wà nínú Audio Tools UVR fún iṣẹ́ yìí. Bí ohùn bá jáde tí ìlù ṣì ń dún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ó jẹ́ pé limiter (irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà) tí wọ́n fi parí orin náà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ nígbà tí ohùn wà àti nígbà tí kò sí. Ẹ kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ padà sọ́dọ̀ model.

Àpá náà

Ẹ gbé ohùn tó yọ sí etí lórí headphone, kí ẹ pa gbogbo ìyókù. Ẹ lọ síbi tí olórin ti pe ọ̀rọ̀ tó ní "s". Lẹ́tà yẹn ń gbé láàárín 5 sí 10 kHz, àdúgbò kan náà pẹ̀lú hi-hat. Bí hi-hat bá lù gẹ́lẹ́ nígbà tí ètè olórin ń tú "s" jáde, model ní láti pín afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo sí méjì. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "s" tó ṣẹ́ sí méjì, tàbí èyí tó ní "tsk" nínú, tàbí èyí tó rọ̀ títí ó fi dà bíi "th" ẹnu ọmọdé. De-esser, irinṣẹ́ tó ń dín "s" kù, kò lè wò ó sàn, ńṣe ni yóò tún bọ́ ohun tó kù.

Ẹ wá gbọ́ snare, lórí ìlù kejì àti ìkẹrin. Ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń rì fírí, bí ẹni tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́nu tí wọ́n sì tún ṣí i. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́.

Kick ló ń jẹ kọ́ńsónáǹtì. "B", "p", "k", "gb": ìbúgbàù kékeré ni gbogbo wọn, ìlù náà sì jẹ́ ìbúgbàù. Bí méjèèjì bá bọ́ sójú kan, model á gbé e fún ìlù, "gbà" á sì di "à". Ẹ lọ wò inú stem ìlù, ẹ ó bá "gb" yẹn níbẹ̀.

Oògùn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pípa-kọ́rọ́ọ̀sì-pọ̀. Ọ̀pọ̀ orin ló ń kọ kọ́rọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlù abẹ́ wọn kì í sì í sábà rí bákan náà. Ẹ tò wọ́n lórí ara wọn, ìlà kan sí abẹ́ èkejì. Ẹ mú "s" láti inú kọ́rọ́ọ̀sì kìn-ín-ní tí hi-hat kò tíì wọlé, ẹ mú "gbà" láti inú èyí tí kick ti dákẹ́ kí orin tó gbérasọ. Ẹ gé e sórí ìmí tàbí sórí ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ fi fade 10 ms (kí ohùn rọra wọlé, kó rọra jáde) sí ojú ibi tí ẹ gé. Wákàtí méjì lórí iṣẹ́ yìí máa ń tún ohùn ṣe ju àwọn model tuntun mẹ́wàá lọ, òun sì ni ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń kánjú kì í ṣe. Ibi tí orin àkọ́kọ́ bá ti dákẹ́ jù, bóyá ìlà méjì níbi tí píánò nìkan wà lábẹ́ olórin, wúrà ni. Ẹ fi í pamọ́ fún ibi tí ohùn máa dá dúró nínú remix yín.

Àwọn olùgbè àti reverb (ìró yàrá tó ń tẹ̀ lé ohùn) tún wà. Karaoke model inú UVR, bíi 5_HP-Karaoke-UVR, ń ya olórí ohùn kúrò lára ohùn àwọn tó ń gbè é. UVR-DeEcho-DeReverb ń yọ ohùn tó ń dún lẹ́yìn ohùn. Bí ẹ ṣe tò wọ́n tẹ̀léra ṣe pàtàkì: ẹ kọ́kọ́ yọ ohùn lára orin, lẹ́yìn náà ẹ ya olùgbè sọ́tọ̀, ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó yọ reverb. Ohùn nìkan ni wọ́n kọ́ model reverb yẹn fún. Bí ẹ bá gbé odindi orin fún un, ìdọ̀tí ni ẹ máa gbà. Àwọn kan gbà pé dandan ni kí wọ́n yọ gbogbo echo (àtúndún ohùn) torí pé eré orin, ìyẹn bó ṣe ń yára tó, fẹ́ yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Echo tó bá eré orin àtijọ́ mu á nà tàbí sún kì pẹ̀lú ohùn, á sì tún bá eré tuntun mu. Ẹni tó fẹ́ gé ohùn sí wẹ́wẹ́ ni reverb ń dà láàmú, torí ìrù ọ̀rọ̀ tó ṣáájú á máa jáde nínú ègé tó tẹ̀ lé e. UVR-De-Echo-Aggressive máa ń jẹ ìparí ohùn tó bá fà gùn. Ẹ gbìyànjú Normal kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ohùn náà tó di remix

Eré orin ni ìpinnu tó tóbi jù, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ń ṣe é sẹ́yìn. Wọ́n á ti pinnu pé house ni àwọn ń ṣe, ní 124 BPM (iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan), wọ́n á wá fa ohùn oní-94 BPM dé ibẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohùn tó mọ́ gan-an kò lè gba irú fífà bẹ́ẹ̀ láì ṣe bí ẹ̀rọ, áńbọ̀sì ohùn tó ti ní àpá: gbogbo àpá ni fífà náà á tún tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohùn yẹn ni kí ó yan irú orin tí ẹ máa ṣe. Ẹ fà á sẹ́yìn láti 94 sí 87, ìyẹn kò tó 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá gbé drum and bass sí i ní 174, torí pé 174 jẹ́ ìlọ́po méjì 87. Ohùn oní-70 bá dubstep oní-140 lọ láì fa nǹkan kan. Oní-62 bá house oní-124. A kì í fọkàn tán ohùn tí wọ́n yọ tí wọ́n sì fà kọjá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í fi àpá tuntun sílẹ̀ rárá: kí ẹ jẹ́ kí ohùn yára bíi ti àwo tí wọ́n yí kíákíá, kí ó sì ga sókè pẹ̀lú eré rẹ̀. Ìyára 6 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ semitone kan, ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù. Láti 117 dé 124 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye yẹn gẹ́lẹ́, nítorí náà ohùn á ga ní semitone kan, etí kò sì ní rí àléébù. Nínú Ableton Live, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ṣe orin, Re-Pitch ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fa ohùn láì gbé e ga, Complex Pro ló yẹ ohùn ènìyàn. Orin tí wọ́n lù pẹ̀lú ọwọ́ láìsí click (ìró tó ń ka ìlù) kì í dúró sójú kan. Ẹ máa fi warp marker (àmì tó ń so ohùn mọ́ ìlù) sí i ní báà mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ sì fi ojú ìlù lé ibi tí fáwẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì máa ń ṣáájú ìlù díẹ̀. Ẹni tó bá fi "s" sórí ìlù, olórin á máa pẹ́ lẹ́yìn ìlù lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èdè olóhùn bíi tiwa, torí pé àwọn ìwé ìtọ́ni remix kì í mẹ́nu kàn án. Gígé ohùn sí sílébù, kí wọ́n sì máa gbé e sókè sódò bíi kókó dùùrù, wọ́pọ̀ nínú orin ijó. Ìyẹn kò da èdè Gẹ̀ẹ́sì láàmú, "love" á ṣì jẹ́ "love" níbi yòówù kí ẹ gbé e sí. Ní Yorùbá, bí ẹ bá gbé sílébù kejì "ọkọ̀" sókè, ọ̀rọ̀ míì lẹ sọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣì ní ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí kókó orin yín tẹ̀ lé bí olórin ṣe gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ìró lásán lẹ ń wá, ẹ mú fáwẹ́lì nìkan, kí ẹ ge kọ́ńsónáǹtì kúrò. Àárín méjèèjì ni ìtìjú wà.

Ní ti bíbo àpá mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ olórí ohùn di mono, ìyẹn ìkànnì kan ṣoṣo. Àárín ni wọ́n sábà máa ń fi olórí ohùn sí, ohun tó jò láti ara gìtá àti hi-hat sì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ti lé púpọ̀ nínú wọn lọ láìná nǹkan kan. Ẹ gé abẹ́ 120 Hz, ibẹ̀ ni ìyókù kick ń sá pamọ́ sí. Àárín ìlà méjì tí olórin kò kọrin, ẹ fi ọwọ́ gé e. Ẹ má gbé e fún gate (irinṣẹ́ tó ń pa ohùn tó bá rẹlẹ̀), torí ó máa ń ṣí tó sì ń pa lórí ìlù tó jò, èyí á sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ìmí olórin ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Hi-hat tuntun yín ni aṣọ tó ń bo èyí tó jò, bó bá bọ́ sójú kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Tí ti àtijọ́ bá ń lù gbọọrọ, tí tiyín sì ń fì bíi ti swing, ẹ ó gbọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tak-tak, bí ẹni tó ń kọsẹ̀. Níbi tí ohùn bá ti dọ̀tí jù, ẹ lu gbọọrọ. Fún echo tuntun, ẹ pín 60000 pẹ̀lú BPM: ní 124, ìlù kan jẹ́ 483.9 ms, ìdajì rẹ̀ 241.9.

Ibi tí ẹgbẹ́ tuntun ti ń ṣubú jù ni breakdown. Ìlù á dúró, béèsì á dúró, ohùn nìkan á wà lókè fún báà 16. Ní 124 BPM, ìṣẹ́jú àáyá 31 ni ìyẹn, láìsí aṣọ lára ohùn tó ní àpá, lórí ẹ̀rọ tó tóbi tó ilé. Wọ́n ti mú ohùn tó dọ̀tí jù lọ síbi tó hàn jù lọ. Ẹ gbé ìlà tó mọ́ síbẹ̀, tí ẹ ti pamọ́. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ báà 8, kí ẹ tẹ́ pad (ìró pẹ̀lẹ́ tó ń fà gùn) sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ariwo afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lọ sí ọ̀nà drop (ibi tí ìlù àti béèsì ti ń padà dé) wọlé láti báà karùn-ún. Drop fúnra rẹ̀ kò nílò ju ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn tó ń bá a dupò

Spleeter tí iléeṣẹ́ Deezer gbé jáde ní 2019 yára púpọ̀, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èyí, ṣùgbọ́n model rẹ̀ tó wà látilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kọjá 11 kHz, ohùn á sì jáde láìní afẹ́fẹ́. Kò sídìí láti padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ṣe orin bíi FL Studio láti 21.2, tàbí Logic Pro 11 lórí Mac tó ń lo chip Apple, ti ní ìyà-stem nínú rẹ̀. Fún àkọsílẹ̀ kíákíá, láti mọ̀ bóyá èrò kan máa dùn, ìyẹn tó. UVR ń borí wọn níbi pé ẹ lè yan model, ẹ lè pa wọ́n pọ̀, ẹ sì lè yọ reverb àti olùgbè lójú kan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ kò fa ènìyàn mọ́ra, orúkọ àwọn model kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì mọ̀ wọ́n.

Àṣẹ MIT tí a sọ lókè jẹ́ ti sọ́fítíwia, kì í ṣe ti orin. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó ni àkọsílẹ̀ ohùn náà, remix tó bá sì fẹ́ jáde síta nílò àṣẹ àwọn méjèèjì. Content ID, ètò tó ń dá orin mọ̀ lórí YouTube, máa ń dá ohùn tí wọ́n yọ mọ̀ bó bá tilẹ̀ wà lórí ìlù míì. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n á parí remix, á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni orin láìgbé e síta, á sì béèrè.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè stem gidi lọ́wọ́ wọn: 24-bit, ohùn gbígbẹ tí kò ní reverb àti ohùn tó ní reverb ní fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú àkọ́kọ́ orin. Nítorí ọjọ́ yẹn, láti ọjọ́ tí UVR ti gbé ohùn jáde fún yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan tí ẹ kò gé orí rẹ̀, àní bí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15 bá wà níwájú, kí ẹ sì fi warp marker yín sórí ẹ̀dà yẹn. Tí stem gidi bá dé, ẹ kàn máa fi fáìlì kan rọ́pò èkejì ni, gbogbo marker á sì bọ́ sí àyè rẹ̀.